Àbẹ̀ní Àfínjú àti Ìgò Tó Fi Dẹ́tọ́ọ̀lù Fọ̀

Ní gbogbo àdúgbò tó wà lẹ́yìn rélùwéè Ọ̀fà, kò sí ẹni tó mọ́ tónítóní tó Alhaja Àbẹ̀ní, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun mọ́ tó o. Àwo àti kúlà ló ń tà lọ́jà. Bí oníbàárà bá na ọwọ́ sí àwo, Àbẹ̀ní á kọ́kọ́ wo èékánná rẹ̀. Bí èékánná náà ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi aṣọ ìnuwọ́ gbé àwo ọ̀hún fún un, á sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí onítọ̀hún á fi lọ. Owó nìkan ni kì í béèrè ọwọ́ tó ti wá.

Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ̀rọ omi kan wà níbẹ̀, abọ́ oníke kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gé ọṣẹ wẹ́wẹ́ sí. Kò sẹ́ni tó máa wọlé Àbẹ̀ní tí kò ní gbọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn: "O ti fọ ọwọ́?" Bí ó bá jẹ́ àgbà, á ní, "Ẹ ti fọ ọwọ́?" Ohùn tó fi ń bi àgbà àti èyí tó fi ń bi ọmọdé, ìkan náà ni. Lèmọ́mù tó wá ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ tó ti Mẹ́kà dé, ó fọ ọwọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti rọ lápá ọ̀tún, ó fi tòsì fọ tọ̀tún níwájú rẹ̀, Àbẹ̀ní dúró, ó ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará ilé rẹ̀ wò bóyá wọ́n rí i kí òun fúnra rẹ̀ mú ọṣẹ ọ̀hún rí. Rárá o. Bó bá ti ẹ̀yìnkùlé dé, á da omi díẹ̀ sọ́wọ́, á gbọ̀n ọ́n nù, ó parí nìyẹn, ó ti kọrí sídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ọṣẹ wà fún àwọn tó dọ̀tí, òun ò sì sí lára wọn. Ẹni tó bá sọ pé àfínjú ò ní àléébù, kó wá wo ti Àbẹ̀ní.

Ó tún ní àṣà kejì. Bí wọ́n bá pè é síbi ìsọmọlórúkọ tàbí fídáù, á lọ, á jẹun, á jẹ ẹ́ dáadáa pàápàá, torí kì í fi ẹran sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó délé, á yà ní kẹ́míìsì Gbádé. Gbádé yìí, dókítà ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ìwé tó kà kò kọjá èyí tí wọ́n kọ sára páálí oògùn. Àbẹ̀ní á ní, "Gbádé, fún mi ní ti inú. Mo ti jẹ ìdọ̀tí àwọn ènìyàn." Gbádé á ṣí ike, á ka kápúsù apakòkòrò aláwọ̀ dúdú-òun-pupa sí i lọ́wọ́, ẹyọ kan tàbí méjì, Àbẹ̀ní á sọ ọ́ sẹ́nu níbẹ̀. Kò ṣàìsàn, kò ní ibà, inú ò run ún. Ó kàn ń fọ inú bí ẹni ń fọ àwo ni. Ọdún gorí ọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gbà pé nínú gbogbo Ọ̀fà, kò sí ìfun tó mọ́ tó tòun.

Taofeek ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní pólì, ilé ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé. Ìgbà tó máa fẹ́ ìyàwó, nínú gbogbo obìnrin ayé, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ló mú wá. Ẹni tó bá mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì yóò mọ̀ pé ìyẹn nìkan ti tó. Orúkọ ọmọbìnrin náà tún wá ń jẹ́ Ògúnfúnkẹ́, ọmọ ọdẹ, tó dàgbà sínú ilé tí wọ́n ti ń kun ẹran ìgbẹ́. Àbẹ̀ní ò pe orúkọ yẹn rí. "Ìyàwó" ló ń pè é tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, "ará ọ̀hún yẹn" ni.

Kò gbà kó dáná. Ó ní ọwọ́ tó ti ṣí inú ọ̀yà kò ní ro ọkà fún òun láyé. Aṣọ ni Ògúnfúnkẹ́ ń rán, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n bó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò lásán, á gbọ́ ọ: "Ìyàwó, o ti fọ ọwọ́?" Á kúnlẹ̀, á ní, "Mo ti fọ̀ ọ́, Mummy." Àbẹ̀ní á ní kó tún un fọ̀. Ó tún un fọ̀ nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, ó tún un fọ̀ nígbà tó lóyún, kò sì bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà. Nígbà tí oyún náà ga, Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ ló ń se gbogbo oúnjẹ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ẹran fún un, torí ọmọ-ọmọ òun ló wà nínú ibẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ó fẹ́ràn oyún náà gan-an. Ẹni tó gbé e rù ni kò fẹ́ràn.

Ìgbà tí ọyẹ́ ń mú ni ara Ògúnfúnkẹ́ kọ́kọ́ gbóná. Ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, ìtọ̀ ń ta á, òru ò ṣeé sùn. Àbẹ̀ní ní ìdọ̀tí ló fà á, ó ránṣẹ́ sí Gbádé, Gbádé kó kápúsù wá. Àìsàn náà kò gbọ́. Taofeek bá gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn, torí ó ní wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ènìyàn ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà tẹ ẹ̀gbẹ́ Ògúnfúnkẹ́, ó sì ní kí wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù.

Susannah ni olórí láàbù náà. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ sì le. Ó mú ìgò kékeré kan tí wọ́n dé pinpin, ó ní, "Ìtọ̀ ìdájí ọ̀la ni kó o tọ̀ sí i. Má ṣí i títí o fi máa lò ó." Ògúnfúnkẹ́ na ọwọ́, ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní ti gba ìgò náà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i, ó yínmú. Ìgò ọsibítù. Ta ló mọ ilé tó ti jáde?

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí Ògúnfúnkẹ́ tó jí, Àbẹ̀ní ti ṣí ìgò náà. Ó da dẹ́tọ́ọ̀lù sí i, ó fi ìka ro inú rẹ̀, ó da omi gbígbóná lé e, ó ṣàn án. Ó wá ro ó pé kò tíì tó, ó tún da dẹ́tọ́ọ̀lù ìba díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ tó ṣe. Inú ìgò yẹn ni Ògúnfúnkẹ́ tọ̀ sí, òun náà ò mọ nǹkan kan.

Susannah gbin ìtọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń gbìn ín ní láàbù, pé bí kòkòrò bá wà níbẹ̀ kó hù. Kò hù. Ó kọ ọ́ pé kò rí nǹkan kan. Dókítà bá gbà pé ibà ẹ̀fọn ló ń ṣe aboyún náà, ó fún un lóògùn rẹ̀, ó ní kó máa lọ ilé. Àbẹ̀ní ń yọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní òun ti mọ̀ pé ìtọ̀ tó jáde nínú ilé òun ò lè ní kòkòrò, kódà kó jẹ́ ìtọ̀ ará Ẹ̀rìn-Ilé.

Ọ̀sẹ̀ ò yí po tí Ògúnfúnkẹ́ fi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé e padà sí ọsibítù, ó ń gbọ̀n, ó ń dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò tí wọ́n máa ń fún aláboyún, kò ràn án. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó le jù ú lọ, kò ràn án. Ọmọ inú rẹ̀ tó ti ń ta pọ́npọ́n tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó mira. Dókítà pe Taofeek sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní abẹ́rẹ́ kan ṣì kù, Ìlọrin ló wà, kò sì yẹ kí wọ́n fi í gún ènìyàn láìmọ ohun tí wọ́n ń gún, torí bí kòkòrò bá tún mọ ojú tìyẹn, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bí a ò bá mọ ohun tó ń ṣe é kílẹ̀ òní tó ṣú, ẹ má retí ìyá, ẹ má retí ọmọ."

Àbẹ̀ní gbọ́ ọ. Ẹ̀rù bà á, ìbẹ̀rù ọ̀hún sì di ìbínú, torí kò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń fi ìbẹ̀rù ṣe. Ó kọrí sí láàbù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa pa ọmọ-ọmọ mi. Ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan, kí ni ẹ wá ń wò nígbà náà? Iṣẹ́ yín ò mọ́, ilé yín ò mọ́. Ìgò tí ẹ fún wa gan-an, ta ló mọ ẹni tó ti tọ̀ sí i rí? Ọpẹ́lọpẹ́ èmi tí mo fi dẹ́tọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́ dáadáa kí ó tó ṣeé lò."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Susannah gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Àbẹ̀ní tún un sọ, ó tún fi omi gbígbóná kún un, ó sì ròyìn èyí tó dà sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ó rò pé obìnrin náà fẹ́ kọ́gbọ́n ni.

"Mo gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà," Susannah wí. "Mo rò pé ilẹ̀ tí wọ́n nù ni." Ó tẹjú mọ́ Àbẹ̀ní. "Alhaja, kòkòrò tí mo ń wá, ẹ ti pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n inú ìgò nìkan lẹ ti pa á. Ó ṣì wà nínú ìyàwó yín."

Taofeek wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò, Àbẹ̀ní sì ní kó yéé wo òun bẹ́ẹ̀.

Susannah mú ìgò tuntun, ó lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì Ògúnfúnkẹ́ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àìlà ọ̀sán ló padà sí láàbù. Àyẹ̀wò kan wà tó lọ kọ́ ní Ìlọrin, tí kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó mọ oògùn tí kòkòrò lè borí, á di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Èyí kì í pẹ́. Ó da ìtọ̀ náà sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kíkankíkan títí kòkòrò inú rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Ó bu kòkòrò yẹn sínú omi pupa kan nínú ìgò tín-ín-rín méjì. Ó fi oògùn apakòkòrò sí ìkan, kò fi sí ìkejì. Bí kòkòrò náà kò bá lágbára lórí oògùn, pupa ni omi méjèèjì á wà. Bó bá lè fọ́ oògùn náà túútúú, omi tí oògùn wà nínú rẹ̀ á di aláwọ̀ ìyeyè.

Àbẹ̀ní ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Sóbò lẹ wá ń pò báyìí? Ènìyàn ń kú lọ, ẹ ń po sóbò."

Kí wọ́n tó pe àlàásárì, omi ìgò tó ní oògùn ti yí padà. Susannah gbé e lọ bá dókítà bó ṣe wà. Ó ní, "Gbogbo ìdílé abẹ́rẹ́ tí ẹ ń fún un yìí, jíjẹ ló ń jẹ wọ́n. Ti Ìlọrin nìkan ló kù, apá irú kòkòrò yìí ò sì ká ìyẹn." Dókítà tẹ Ìlọrin láago, Taofeek gun ọkọ̀, wọ́n sì ti gún Ògúnfúnkẹ́ ní abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n tó kírun alẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ rọ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọmọ inú rẹ̀ ta á nípàá débi tó fi ké, gbogbo ènìyàn tó wà ní wọ́ọ̀dù sì rẹ́rìn-ín.

Ẹlòmíràn, ibí yìí ni ì bá ti dákẹ́. Àbẹ̀ní kọ́. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá kí wọn, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣàlàyé fún wọn pé Ẹ̀rìn-Ilé ni kòkòrò náà ti wá. Ó ní kòkòrò tí ò gbọ́ abẹ́rẹ́, kòkòrò inú igbó ni, ara ẹran ọdẹ ló wà. Ògúnfúnkẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́, ó yí ojú sí ògiri. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí nù ún.

Susannah gbọ́ náà. Ó ní, "Alhaja, ọ̀rọ̀ yín dára. Inú ìfun ni irú kòkòrò yìí máa ń fara pamọ́ sí, kò ní ṣe ẹni tó gbé e nǹkan kan. Ọwọ́ ló ń bá dé ibi oúnjẹ. Ọmọ tuntun ń bọ̀ nílé yín, ara ọmọ tuntun ò sì lè gbà á. Ẹ jẹ́ kí n yẹ ìgbẹ́ gbogbo ará ilé wò, ká mọ ikùn tó wà."

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, Àbẹ̀ní ò sì sá fún ìjà rí. Ó ní kí Susannah mú ike wá kíákíá. Ó ní kí ó yẹ tòun wò, kó yẹ ti Taofeek, kí gbogbo ayé wá mọ ẹni tó gbé ìdọ̀tí wọ ilé Mùsùlùmí. Susannah fún un ní ike, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Alhaja, ẹ má fọ̀ ọ́ o."

Ọjọ́ tí èsì máa jáde, Àbẹ̀ní kó àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn bí ẹni ń lọ gba ilẹ̀ ní kóòtù. Susannah ti gbin ìgbẹ́ náà mọ́jú, ohun tó hù ló bù sínú omi pupa lójú wọn. Ó gbé ìgò méjì kalẹ̀, ti Taofeek àti ti ìyá rẹ̀. Wọ́n dúró. Àbẹ̀ní ń sọ̀rọ̀, ó ń júwe ilé ọdẹ fún wọn, bí awọ ẹran ṣe máa ń rọ̀ sára ògiri. Ti Taofeek pupa, ó pupa títí. Ti Àbẹ̀ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Àwọn obìnrin náà ló kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí òun máa wo ilẹ̀, omi ìgò tirẹ̀ ti di aláwọ̀ ìyeyè.

"Ẹ̀rọ yín ń parọ́," ó ní. "Ẹ tún un ṣe."

Susannah tún un ṣe. Àwọ̀ kan náà ló tún yọ.

"N kò lè búra pé ẹ̀yin lẹ kó o ràn án," Susannah wí. "Ṣùgbọ́n ta ló ń se oúnjẹ nílé yín? Ta ló sì ń lo oògùn apakòkòrò láìṣàìsàn? Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ ní ẹyọ méjì lónìí, ẹyọ kan lọ́la, èyí tó ya ọ̀lẹ nínú kòkòrò ikùn rẹ̀ nìkan ló ń pa. Èyí tó bá kù, ó ti kọ́ ìjà."

Taofeek ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè rárá. Ó ní, "Mummy ni wọ́n ń sè é. Mummy náà ni wọ́n ń lo kápúsù. Bí wọ́n bá ti jẹun nílé ẹlòmíràn báyìí, àfi kí wọ́n gbé e mì."

Àwọn obìnrin ọjà wá yíjú sí ọwọ́ Àbẹ̀ní, wọ́n ń wò ó bí òun náà ṣe ń wo tiwọn láti ọjọ́ yìí. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti bá a jẹ àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà, rọra jáde, wọ́n sì gbọ́ tí ẹ̀rọ omi ń dà níta, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Àfínjú tó ní ọ̀bùn ni gbogbo ayé, òun ni wọ́n ń fọ̀ dànù lọ́wọ́ yẹn.

Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu Àbẹ̀ní pé òun jẹ̀bi. Ohun tó sọ délé ni pé Susannah kórìíra òun. Ó ṣáà yéé yà ní kẹ́míìsì Gbádé, Gbádé náà sì ń sọ kiri pé àwọn láàbù ló ń ba ọjà òun jẹ́.

Ògúnfúnkẹ́ bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀, obìnrin ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé, ìyẹ̀wù kún, àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ọjà wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ti fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, torí wọ́n mọ àṣà ilé náà. Àbẹ̀ní ti ẹ̀yìnkùlé jáde, ó ń gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti ń retí ọmọ yìí látọjọ́ tí Taofeek ti gbéyàwó. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ògúnfúnkẹ́ kò gbé ọmọ fún un. Ó gbé e mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ láti ìgbà ìyàwó tuntun.

"Mummy," ó ní, "ẹ ti fọ ọwọ́?"

Àbẹ̀ní wo Taofeek, Taofeek ń wo ọmọ rẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin ọjà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lófìfo, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́.

"Ẹ bá mi tún un fọ̀, Mummy," Ògúnfúnkẹ́ wí, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọṣẹ wà nínú abọ́."

Àbẹ̀ní yí padà. Ó rìn la àárín àlejò kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ mú ọṣẹ, èyí tó ti yọ́ jù nínú wọn, tí ọwọ́ gbogbo àlejò ti kàn.